Ijó Tí Mo Jó sí Oríkì Olóríkì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kejì Ìleyá tí ó kọjá, mo jó ìlù dùndún ní àdúgbò wa ní Ọjẹ́, Ìbàdàn, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé bí ìlù náà ṣe ń sọ̀rọ̀.

Oòrùn ti yẹ àtàrí. A ti jẹ ẹran àgbò yó, kò sì sí ẹni tí ó ń kánjú. Àwọn àgbà gbé àga síta sí abẹ́ òjìji ilé, àwọn ọmọdé ń fi aṣọ ọdún gbá ilẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn onílù tí ń kí ilé dé ilé yọ sí wa. Ìyáàlù ni ó ṣíwájú, àwọn ìlù kéékèèké tẹ̀ lé e, gúdúgúdú sì ń dún láìsinmi. Kò pẹ́ tí ojú ọ̀nà fi di agbo ijó.

Lójijì, ìyáàlù pe orúkọ kan: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Àjàní ni oríkì mi. Mo bọ́ sójú agbo, mo jó, mo tẹ̀, mo sì lẹ N200 mọ́ onílù níwájú orí. Ni àwọn ènìyàn bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá aládùúgbò wa kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ti ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sí èjìká. Òun gan-an ni wọ́n ń kì. Ìyá àgbà mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Àjàní, ṣé o ti di ọmọ Òpómúléró lónìí ni?"

Níbo ni mo ti ṣì í? Ìlù kò lè pe kọ́ńsónáǹtì, kò lè pe fáwẹ́lì. Ohùn nìkan ni ó lè sọ. Bí onílù bá fún ọsán ìyáàlù mọ́ra, ohùn a lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìyàtọ̀ láàrin Àjàní, Àkànbí, Àlàbí àti Àyìndé lẹ́nu ìlù. Àṣàkẹ́ àti Àbẹ̀kẹ́ pàápàá kò yàtọ̀ sí wọn. Ti Àjọkẹ́ yàtọ̀, nítorí ohùn àárín tí ó wà nínú rẹ̀.

Onílù mọ èyí, ìdí nìyẹn tí kì í fi dá orúkọ lásán pè. Ó máa ń fi orílẹ̀ tì í lẹ́yìn. Òpómúléró jẹ́ ìsàlẹ̀ kan àti òkè mẹ́rin. Oníkòyí, orílẹ̀ tiwa, jẹ́ àárín, òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Ẹni tí ó bá mú sùúrù gbọ́ ọ kò lè ṣì wọ́n mú. Lẹ́yìn èyí ni oríkì gígùn tí àwọn ará ilé ti mọ̀ sórí. Ìlù kàn ń rán wọn létí ni. Onílù ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, etí olùgbọ́ ni ó ń parí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí nìyí. Mo lè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ lójú ìwé láìṣì í, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ju ìlà méjì lọ nínú oríkì orílẹ̀ baba mi. Ìyá àgbà kò kàwé. Bí ìyàwó ni ó ṣe wọ agboolé wa, síbẹ̀ ó mọ oríkì wa ju èmi ọmọ bíbí ibẹ̀ lọ.

Kí àwọn onílù tó lọ, ó ní kí wọ́n kí mi. Ìyáàlù pe Oníkòyí, mo sì dá a mọ̀. Bí ìlù ti ń bá a lọ, ìyá àgbà ń fi ẹnu sọ ọ́ sí mi létí ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àjákọ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọdún mìíràn ń bọ̀. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí ẹ má baà jó sí oríkì olóríkì bíi tèmi.