Àlẹ́ẹ̀tì Kọ́ Ni Owó



Kò sí ẹni tó ń ná Ọjà Igbó tó lè gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báńkì Àpapọ̀ ti pa ₦200, ₦500 àti ₦1,000 láró. Wọ́n ní owó àtijọ́ kò ní kọjá ọjọ́ 31 oṣù kìíní, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Owó tuntun ò sì tó. Ààrẹ Buhari ní yóò dín agbára owó kù nínú ìbò. Àmọ́ àwa tí kò du oyè kankan ni ọjà ń jẹrà mọ́ lọ́wọ́. Tòmátì kì í dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì! Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó ní ká ṣì máa ná owó àtijọ́.

Owó ti padà, ṣùgbọ́n tiráńsífà ò lọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀. Ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì yín kí ẹ tó gbé ọjà sílẹ̀. Bí oníbàárà tí ẹ mọ̀ bá san, tí kò tíì wọlé, ẹ má bá a jà: ẹ kọ orúkọ, iye àti ọjọ́ sínú ìwé, kí òun náà fọwọ́ sí i. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ìwé ò ní lọ.

Ajé á wọgbá o.