Ta Ni Yóò Kó Ìdọ̀tí Ilé Wa?

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni a fẹ́ sọ lónìí.

Láyé àtijọ́, ààtàn kan lẹ́yìn agbo ilé ti tó. Èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ àti eérú ni ó pọ̀ jù níbẹ̀; bí òjò bá rọ̀, gbogbo rẹ̀ a jẹrà. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í jẹrà, ìlú sì ti fẹ̀. Ní 1967 ni Ìlọrin di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwárà, èrò sì ń wọ̀ ọ́ láti ìgbà náà. Ìdọ̀tí tí kò bá rí ẹni kó o, inú gọ́tà ni ó ń gbà dé Odò Àsá. Bí gọ́tà bá sì dí, omi òjò yóò wọ ilé ẹni tí kò da nǹkan kan sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ìlú lè gbà. Èkíní ni kí olúkúlùkù wá akólẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ọlọ́mọlanke, kí ó pè é. Ẹni tí ó fẹ́ ọkọ̀ ńlá, kí ó pè é. A lè dúnàá dúrà, bí akólẹ̀ kò bá sì ṣe dáadáa, a ó pe ẹlòmíràn. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò ó. Bí ilé ọgbọ̀n bá wà ní àdúgbò kan, tí ọkọ̀ mẹ́ta sì pín wọn ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò rin àdúgbò náà já. Epo ọkọ̀ mẹ́ta ni a ó jó fún iṣẹ́ ọkọ̀ kan. Ẹni tí kò sì pe ẹnikẹ́ni ńkọ́? Òru ni yóò da tirẹ̀ sí gọ́tà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn.

Ọ̀nà kejì ni kí ìjọba pín ìlú, kí ó fi apá kọ̀ọ̀kan lé akólẹ̀ kan lọ́wọ́, kí gbogbo ilé sì máa san owó. Pínpín ìlú kò ṣàjèjì sí Ìlọrin: Balógun mẹ́rin ni a pín in fún láti ayébáyé, Gàm̀bàrí, Fúlàní, Àlànàmú àti Àjíkọbi. Bí a bá pín in báyìí, a mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò dé, a sì mọ ẹni tí a ó bi léèrè bí kò bá dé. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí kò ní abánidíje lè sùn lórí iṣẹ́.

Èkó ti rí èyí. Àwọn akólẹ̀ aládàáni tí a ń pè ní PSP ni a pín àdúgbò fún níbẹ̀. Nígbà ìjọba Gómìnà Ambode, a gba ìdọ̀tí ilé lọ́wọ́ wọn fún ilé-iṣẹ́ kan. Ní 2018, ìdọ̀tí gba títì. Lẹ́yìn náà, a dá iṣẹ́ padà fún PSP.

Ní tiwa, gbogbo wa mọ ìmọ́tótó Sátidé, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, nígbà tí Túndé Ìdíàgbọn, ọmọ Ìlọrin, jẹ́ igbákejì olórí ìjọba. Ṣùgbọ́n gbígbá yàtọ̀ sí kíkó. Ohun tí a fi ṣọ́bìrì kó jáde nínú gọ́tà, bí ọkọ̀ kò bá wá gbé e, òjò ni yóò dá a padà.

Nítorí náà, kí ìlú tó yàn, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ǹjẹ́ ọkọ̀ lè wọ gbogbo àdúgbò? Ní àárín ìlú tí ọ̀nà há, ọlọ́mọlanke lè kó o jáde wá bá ọkọ̀, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ tálákà lè san owó náà? Ǹjẹ́ a lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akólẹ̀ tí ó bá ya ọ̀lẹ? Ìlú tí ó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀nà yòówù kí ó yàn, ilé rẹ̀ yóò mọ́, odò rẹ̀ yóò sì máa ṣàn.