Kí Ẹ Tó Ra Graphics Card fún Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá graphics card tó dáa. Owó ti wà nílẹ̀." Báyìí ni àbúrò mi ṣe pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Oṣù mẹ́fà ló fi kó owó yẹn jọ. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì rí ló ní: processor rẹ̀ ni Intel Core i5-4590 tó jáde ní 2014, RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB, kò sì ní graphics card rárá. Tó bá ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù, àwòrán á máa dúró, á máa lọ.

Mo ní kó fara balẹ̀. Èmi náà ti ra card rí, mo gbé e délé tayọ̀tayọ̀, àfìgbà tí mo rí i pé power supply mi ò ní wáyà tó máa fún un níná. Ẹ̀dínwó ni mo tà á.

Ta ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn?

Ẹ fojú inú wo búkà kan. Ẹnì kan ń bu àmàlà, ẹnì kejì ń bu ọbẹ̀. Tí ẹni tó ń bu ọbẹ̀ bá lọ́ra, kò sí bí oníàmàlà ṣe lè yára tó, àwọn èèyàn á ṣì tò dé títì. Bí kọ̀ǹpútà náà ṣe rí nìyẹn. Processor ló ń ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ àti ohun tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan fẹ́ ṣe. Graphics card ló ń ya àwòrán rẹ̀. Èyí tó bá lọ́ra jù nínú wọn ló máa pinnu FPS yín, ìyẹn iye àwòrán tí ẹ ó rí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ pa V-Sync nínú géèmù náà, kí ẹ wá dín àwòrán kù láti 1920×1080 sí 1280×720. Pixel tí wọ́n máa yà á já wálẹ̀ láti 2,073,600 sí 921,600, ṣùgbọ́n iṣẹ́ processor ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tí FPS bá fò sókè, apá tó ń ya àwòrán ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Tí kò bá kúrò lójú kan, processor ni, card olówó gọbọi ò sì ní ṣe yín lóore kankan.

Ti àbúrò mi fò sókè dáadáa. Card ló nílò lóòótọ́.

Ẹ ṣí àpótí rẹ̀ wò

Ihò PCIe tí wọ́n ń ki card sí lè fún un ní 75W, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Card tó bá ń jẹ ju ìyẹn lọ nílò wáyà láti ara power supply, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni kò sì ní in. Ìdí nìyí tí a fi mú GTX 1650 tí kò nílò wáyà. Ẹ wò ó dáadáa o, torí àwọn GTX 1650 kan wà tó nílò rẹ̀. Tí àpótí yín bá jẹ́ pẹlẹbẹ, card kúkúrú tí wọ́n ń pè ní low profile nìkan ló máa wọ̀ ọ́.

RAM ńkọ́? DDR3 ni processor yìí ń lò. DDR4 ò lè wọlé síbẹ̀, ẹ má fipá kì í. Tó bá sì jẹ́ processor ló ń dà yín láàmú, i7-4790 ń wọ ihò kan náà pẹ̀lú i5-4590, 84W ni àwọn méjèèjì. SSD ní tiẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ gbé FPS sókè, ṣùgbọ́n géèmù á tètè ṣí.

Ibi tó yẹ ká dúró

Ká má tan ara wa, kọ̀ǹpútà yìí ti dàgbà. Microsoft ò ka processor yìí mọ́ àwọn tó lè lo Windows 11, wọ́n sì ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025. Nítorí náà, ohun tí ẹ lè yọ gbé sínú kọ̀ǹpútà míì lọ́la, bíi card àti SSD, ni kí ẹ náwó lé. DDR3 tí ẹ bá rà lónìí ò ní bá yín lọ síbì kankan.

Card àti SSD náà ni a rà, owó àbúrò mi ò sì tán. Kí ẹ̀yin náà tó lọ sọ́jà, ẹ ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ sára power supply yín, kí ẹ fi han ẹni tó fẹ́ tajà fún yín.