Kalambaina àti Íńdẹ́ẹ̀sì: Ta Ni Kó Bá Wa Yan Ìpín?

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Sókótó lè sọ pé màlúù ọjà Kara àti ilẹ̀ nìkan lòun mọ̀ ní ìdókòwò. Síbẹ̀, láti ìgbà òfin owó ìfẹ̀yìntì 2004 ni wọ́n ti ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀, tí àwọn alábòójútó sì ń bá a fi ra ìpín àti gbèsè ìjọba. Èló ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀? Kí ni wọ́n ń ṣe tó tó iye yẹn?

Ní Amẹ́ríkà, àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Ní 1976, John Bogle ti Vanguard gbé àpò ìdókòwò kan jáde tí kì í ṣa ìpín rárá; íńdẹ́ẹ̀sì S&P 500 (àkójọ ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń wọn ọjà) ló ń tẹ̀ lé bó ṣe wà. Ní 1991, onímọ̀ ìṣúná William Sharpe ṣe ìṣirò kan tó ṣòro láti bì ṣubú: bí a bá kó gbogbo àwọn tó ń ṣa ìpín jọ, ọjà kan náà ni wọ́n pín mọ́wọ́, nítorí náà èrè gbogbo wọn kò lè ju ti ọjà lọ. Bí a bá wá yọ owó iṣẹ́ wọn, ó di dandan kó dín. Olùdókòwò Warren Buffett fi èyí ta tẹ́tẹ́ láti 2008 dé ìparí 2017, ó sì jẹ ẹ́.

Mílíọ̀nù náírà kan tó ń lé 12 nínú 100 lọ́dọọdún yóò di nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.6 lẹ́yìn 20 ọdún. Bí owó iṣẹ́ bá sọ 12 yẹn di 10, mílíọ̀nù 6.7 ni yóò kù.

Ìṣirò Sharpe kò yẹ̀ ní ọjà ìpín Èkó, ṣùgbọ́n ọjà tí íńdẹ́ẹ̀sì ń gbé fúnni níbẹ̀ yàtọ̀. Ìwọ̀nba ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, tẹlifóònù àti báǹkì ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2008, íńdẹ́ẹ̀sì gbogbogbòò ju 66,000 lọ. Ó já lulẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ títí di 2023. Àwọn alábòójútó fẹ́ràn láti sọ ìtàn yìí. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé àwọn tó fọwọ́ ara wọn ṣa ìpín báǹkì nígbà náà kò yè é.

Ẹ̀rí àwọn alábòójútó tó lágbára jù wà ní Sókótó gan-an. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Kalambaina bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1967, ó sì pẹ́ lórí pátákó ọjà Èkó láìjẹ́ ẹni ńlá. Ní oṣù kìíní 2020, ó di ara BUA Cement, ọ̀kan lára àwọn òmìrán ọjà náà. Bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ni íńdẹ́ẹ̀sì ṣe ń kà á sí, nítorí náà ojú tó mọ Kalambaina láti kékeré ló lè jẹ èrè rẹ̀ tán. Àmọ́ alábòójútó mélòó ló rí i? Èyí tí wọ́n rí ni wọ́n máa ń fi polówó.

Ọ̀rọ̀ Sókótó tún ní apá mìíràn. NGX 30, íńdẹ́ẹ̀sì ilé-iṣẹ́ ńlá 30 ní ọjà Èkó, kún fún báǹkì tó ń gba èlé, àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mùsùlùmí tó ń sá fún èlé kò lè rà á lódindi. Ní 2012, ọjà Èkó àti ilé-iṣẹ́ ìdókòwò Lotus Capital gbé íńdẹ́ẹ̀sì Ìsìláàmù jáde, ilé-iṣẹ́ 15, ETF kan (àpò ìdókòwò tí wọ́n ń tà lórí ọjà bí ìpín) sì ń tẹ̀ lé e láti 2014. Ọwọ́ ènìyàn wà nínú èyí: àwọn onímọ̀ Ṣàríà ní láti wo iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti gbèsè ọrùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó ní àkọsílẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣà á, ẹnikẹ́ni sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ETF kì í rí olùrà púpọ̀ ní Èkó, iye tí wọ́n ń tà á sì lè jìnnà sí iye ohun tó wà nínú rẹ̀.

Láti 2021, òṣìṣẹ́ lè ní kí wọ́n kó owó ìfẹ̀yìntì òun lọ sí Àpò Kẹfà, tí kò ní èlé nínú. Alábòójútó ló ṣì ń ṣa ohun tó wà níbẹ̀, ó sì ń gba owó iṣẹ́. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè èrè ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó iṣẹ́, kí wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti íńdẹ́ẹ̀sì Ìsìláàmù lórí ìwọ̀nba tó jẹ́ ìpín, ọdún sí ọdún.