Sheikh Ahmadu Bamba: Àlùfáà tó bá Faransé jà láì yọ idà

Ẹni tó bá ti wá ilé gbà rí ní Lotto, Mowe tàbí Ibafo mọ ìbéèrè kan tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ owó: "Ọmọ ibo ni yín?" Èdè tí èèyàn ń sọ, ilà ojú rẹ̀, nígbà mìíràn híjáàbù tó wà lórí ìyàwó rẹ̀, lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwa Mùsùlùmí náà kò mọ́ nínú rẹ̀. A ń kírun pẹ̀lú Gàm̀bàrí tó ń ṣọ́ géètì, èjìká wa ń kan ara wọn nínú sáfù, ṣùgbọ́n tó bá ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ wa, ọ̀rọ̀ á di wàhálà.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn àlùfáà kan fún yín. Púpọ̀ nínú wa mọ Kaolack nítorí Sheikh Ibrahim Niass. Touba, tó wà ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl kan náà, la kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Nǹkan bí ọdún 1853 ni wọ́n bí Ahmadu Bamba ní Mbacké. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà, ó sì ń ṣe adájọ́ lọ́dọ̀ ọba Lat Dior. Nígbà tí bàbá kú, àwọn èèyàn rọ ọmọ pé kó lọ sí ààfin, kó gba ipò náà. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tí kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọba, kí ni ọba fẹ́ fi mú un?

Ní 1886, Faransé pa Lat Dior lójú ogun, ilẹ̀ náà sì bọ́ sọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ ogun tí kò ní ọba mọ́, àwọn tó ti ṣẹrú rí, àwọn alágbẹ̀dẹ àti oníṣẹ́ awọ tí àwọn ìdílé ńlá kì í bá ṣe àna, gbogbo wọn ń wọ́ tọ Bamba lọ. Lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń ké kéwú, wọ́n ń dáko, ẹni tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú nílé rẹ̀ sì lè di sheikh. Jíhádì tí Bamba ń wàásù rẹ̀ ni èyí tí èèyàn ń bá ọkàn ara rẹ̀ jà.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Faransé, ẹ jẹ́ ká dúró níbi kan. Bamba kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá, Masalik al-Jinan ni orúkọ rẹ̀. Nínú rẹ̀, ó bẹ òǹkàwé pé kó má ṣe fojú di ìwé náà nítorí pé aláwọ̀ dúdú ló kọ ọ́, nítorí pé dúdú awọ kì í sọ èèyàn di òmùgọ̀. Ta ló ń bá wí? Kì í ṣe Faransé, tí kò ní ka ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, àwọn tó rò pé ìmọ̀ ẹ̀sìn kò lè ti ọ̀dọ̀ èèyàn dúdú wá. Ohun tó fi dá wọn lóhùn kò ju ohun tó wà nínú Suratul Hujurat, aaya 13 lọ: ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́hun jù lọ́lá jù. Gbogbo wa la mọ aaya yìí. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, a máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ 1895, Faransé mú un. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ ìjọba wọn jókòó ní Saint-Louis, wọ́n sì pinnu láti lé e lọ sí Gàbọ̀n. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn fúnra wọn kò rí ẹ̀rí tó dájú pé ó wàásù ogun. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń tẹ̀ lé e ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé nígbà tí wọn kò jẹ́ kó kírun nínú ọkọ̀, ó tẹ́ ìrọ́ṣọ sórí òkun, ó sì kí i níbẹ̀. Ẹni tó gbà gbọ́, ó gbà gbọ́. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn nípa rẹ̀ ni pé ó lo ọdún méje ní Gàbọ̀n, ní Mayumba àti Lambaréné, ó sì ń kọ ewì ìyìn fún Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a).

Ó padà délé ní 1902. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún lé e lọ sí Mauritáníà, títí di 1907. Wọ́n fi í sọ́dọ̀ Sheikh Sidiyya Baba, ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà ńlá Lárúbáwá ibẹ̀, pé kó máa ṣọ́ ọ. Sheikh náà bu ọlá fún un. Láàrin àwọn Lárúbáwá tí àwọn kan rò pé wọn kò ní gba ìmọ̀ lọ́wọ́ èèyàn dúdú yìí, ọ̀pọ̀ di ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn kan lè ní, èwo wá ni ìjà níbẹ̀? Òótọ́ ni pé Faransé jèrè nínú àlàáfíà yẹn. Ẹ̀pà tí àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ ń gbìn, àwọn ni wọ́n ń rà á, àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí ogun àgbáyé àkọ́kọ́. A kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kú nítorí àṣẹ ogun láti ẹnu Bamba, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti dárí ji gbogbo ọ̀tá òun. Wọ́n ṣọ́ ọ títí ó fi kú ní Diourbel, ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 1927.

Touba ni wọ́n sin ín sí, ìlú tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ dó. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 18 oṣù Sáfárì, èrò rẹpẹtẹ máa ń ya lọ síbẹ̀ fún ohun tí wọ́n ń pè ní Màgáàlì. Kì í ṣe ọjọ́ ìbí Bamba ni wọ́n ń ṣe. Ọjọ́ tí ìrìn àjò lọ sí Gàbọ̀n bẹ̀rẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n máa fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.