Ẹni tó ń gé fíìmù ni wọ́n tún wá gé kúrò

Òru ọjọ́ kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi tòní. Ìparí oṣù Kẹta ọdún 2022 ni, ọjọ́ Àìkú ń yí sí ọjọ́ Ajé. Èmi àti àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, jókòó sínú yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ l'Ábẹ́òkúta, a ń dúró de ètò àmì ẹ̀yẹ Oscar láti Amẹ́ríkà. Aago kan òru ló máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa níbí. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ kékeré la tàn, dátà orí fóònù ẹ̀ la sì fẹ́ fi wò ó.

Iṣẹ́ àbúrò mi yìí ni kó máa ẹ́díìtì fíìmù. Bí àwọn òṣèré bá ti ṣeré tán, tí wọ́n ti gbowó tí wọ́n ti lọ sílé, òun ni wọ́n máa ń kó gbogbo ohun tí kámẹ́rà ti ká wá bá. Á gé e, á tò ó, á yọ èyí tí ò wúlò, títí tó fi máa di nǹkan tí èèyàn lè jókòó wò. Kì í ṣe torí àwọn gbajúmọ̀ òṣèré ló ṣe ń ṣe àìsùn lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joe Walker ló fẹ́ wò, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ẹ́díìtì fíìmù Dune. Wọ́n ti fa orúkọ Walker kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú, fún 12 Years a Slave àti fún Arrival, kò sì gbà á nínú méjèèjì. Àbúrò mi ní lọ́tẹ̀ yìí, á gbà á ni.

Ètò ò tíì bẹ̀rẹ̀ tó fi pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fún un o!"

Mo ní ta ni wọ́n fún ní kí ni, ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún wa ni? Ó ní rárá o, orí Twitter lòun ti rí i. Lọ́dún yẹn, àwọn tó ń ṣe Oscar ti pinnu pé ẹ̀ka mẹ́jọ nínú 23 ni àwọn máa fún ní àmì ẹ̀yẹ tiwọn kí tẹlifíṣàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde: ẹ́díìtì fíìmù, ìró ohùn, orin inú fíìmù, àtíkè àti irun, títún ibi tí wọ́n ti ya fíìmù ṣe, àti oríṣi fíìmù kéékèèké mẹ́ta. Wọ́n á ká ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n á gé e kúrú, wọ́n á wá fi há àárín ètò tó bá yá. Wọ́n ní kí ètò má baà gùn jù ni. Àmì ẹ̀yẹ mẹ́fà ni Dune gbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mẹ́rin nínú wọn, abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti pín in.

Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹni tó mọ fíìmù gé ni wọ́n gé kúrò nínú ètò. Nígbà tí wọ́n tún máa dá a padà, ẹ́dítọ̀ mìíràn ló jókòó síbì kan tó ń gé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ́dítọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ẹ̀rín ẹlẹ́yà ni.

Ó sì tún wá dùn mí nígbà tó jẹ́ pé ètò tí wọ́n ní àwọn ń gé kúrú yẹn lé ní wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀. Will Smith lọ gbá Chris Rock létí lórí ìtàgé, ìyẹn nìkan ni gbogbo ayé sì rántí nígbà tílẹ̀ mọ́. Ìgbátí yẹn ò sí nínú ètò, wọ́n ráyè fún un. Walker wà nínú ètò ní tiẹ̀, wọn ò ráyè fún un.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Nínú oṣù Kejì ọdún 2019, wọ́n kéde pé ìgbà tí tẹlifíṣàn bá ń polówó ọjà ni wọ́n máa fún àwọn ẹ́dítọ̀ àtàwọn tó ń ya fíìmù ní tiwọn, pẹ̀lú ẹ̀ka méjì mìíràn. Àwọn olùdarí eré ńláńlá, Martin Scorsese àti Spike Lee wà lára wọn, fọwọ́ sí lẹ́tà pé àwọn ò gbà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n tún gba ẹ̀yìn yọ sí wọn. Ẹgbẹ́ àwọn ẹ́dítọ̀ Amẹ́ríkà, American Cinema Editors, fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn síta, kò kọ́kọ́ tu irun kankan lára wọn. Ìgbà tó di 2023 ni wọ́n tó dá gbogbo ẹ̀ka 23 padà síwájú kámẹ́rà.

Mo bi ara mi pé kí ló dé tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn tí wọ́n bá ní kí nǹkan kan kúrò. Mo rò pé bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe rí ló fà á. Tá a bá lọ òde ìnáwó, ẹni tó wọṣọ la máa ń kí pé aṣọ yìí mà bá yín mu o. A kì í béèrè télọ̀, àyàfi tí ọrùn bá fún ni, tàbí tí ẹnì kan bá fẹ́ rán irú ẹ̀. Láyé àtijọ́ ní Hollywood, àwọn obìnrin pọ̀ nídìí ẹ́díìtì gan-an, torí wọ́n kà á sí iṣẹ́ ọwọ́ bí aṣọ rírán. Oscar bẹ̀rẹ̀ ní 1929, àmọ́ ó di 1935 kí wọ́n tó rántí ẹ́dítọ̀, Conrad Nervig ló sì kọ́kọ́ gbà á, fún fíìmù Eskimo. Obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á ni Anne Bauchens, ní 1941. Lónìí, nínú àwọn tó gbà á jù, Thelma Schoonmaker tó ń bá Scorsese ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀: mẹ́ta ló gbà, fún Raging Bull, The Aviator àti The Departed. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n ti fa orúkọ ẹ̀ kalẹ̀.

Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń dá iṣẹ́ ẹ́dítọ̀ lẹ́jọ́? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Èyí tá a rí nínú fíìmù ni ohun tó kù. Ohun tó gé sọnù, tá a fi lè mọ̀ bóyá ó gbọ́n tàbí kò gbọ́n, ẹnikẹ́ni ò rí i. Margaret Sixel tó gba Oscar ní 2016 fún Mad Max: Fury Road, nǹkan bíi wákàtí 480 ni wọ́n kó wá bá a. Wákàtí méjì ló fi jáde. Nínú gbogbo àwọn tó dìbò fún un, àwọn mélòó ló máa rí wákàtí 478 tó kù? (Èmi ò tiẹ̀ lè jókòó ti fọ́nrán ìgbéyàwó tèmi gan-an tán.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di àríyànjiyàn láàárín wa lóru yẹn ni Bohemian Rhapsody. John Ottman gba Oscar ẹ́díìtì fún un ní 2019. Ìran kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin Queen jókòó síta pẹ̀lú ọkùnrin kan tó fẹ́ di máníjà wọn. Wọ́n gé ìran yẹn wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ẹní gé ilá, ojú á kàn máa fò láti orí ẹnì kan sórí ẹnì kejì. Fídíò ẹ̀ ja ràn-ìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi Ottman ṣe yẹ̀yẹ́, òun fúnra ẹ̀ sì sọ fún ìwé ìròyìn Washington Post pé ìran náà ń ti òun lójú. Mo ní, ẹ ò rí i báyìí, ohun tí ẹ̀ ń fún ní àmì ẹ̀yẹ nìyẹn!

Àbúrò mi mi orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì bú u. Ẹ ò mọ nǹkan tí wọ́n gbé fún un." Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ti lé Bryan Singer tó ń darí eré yẹn dànù kí wọ́n tó yà á tán, Dexter Fletcher ló bá wọn parí ẹ̀. Ẹ́dítọ̀ ló wá jókòó ti àjókù, tó sọ ọ́ di odindi. Ẹni tó bá ti se ọbẹ̀ nínú ilé tí ẹran ò tó, tí epo ò tó, tí àlejò sì ti dé, á mọ ohun tí mò ń wí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Birdman. Fíìmù yẹn gba Fíìmù Tó Dára Jù Lọ ní 2015. Tẹ́ ẹ bá wò ó, ẹ máa rò pé kámẹ́rà kan ṣoṣo ló ń rìn láìdúró, pé wọn ò gé e rárá. Wọ́n gé e o. Douglas Crise àti Stephen Mirrione ló gé e, wọ́n sì fi ojú ibi tí wọ́n ti gé e pamọ́ débi pé ojú lásán ò lè rí i. Kí ni èrè wọn? Wọn ò tiẹ̀ sí lára àwọn márùn-ún tí wọ́n fa orúkọ wọn kalẹ̀ fún ẹ́díìtì. Ó ti lé ní 30 ọdún tí fíìmù kan ti gba àmì ẹ̀yẹ tó ga jù láìsí orúkọ ẹ̀ níbẹ̀, láti ìgbà Ordinary People ní 1981. Whiplash ló gbà á lọ́dún náà. Èmi ò ní Whiplash ò dáa, ó dáa gan-an, eré onílù ni, ìgé ẹ̀ ń lọ pẹ̀lú ìlù, gbogbo èèyàn sì lè gbọ́ ọ. Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ. Ìgé tó ń dún lójú èèyàn ló ń gba ẹ̀bùn.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ò ṣòro. Àwọn ẹ́dítọ̀ ló ń yan àwọn márùn-ún, àmọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ Oscar pátá ló ń dìbò yan ẹni tó máa gbà á, òṣèré, aránṣọ, olórin, gbogbo wọn. Mo wá sọ fún àbúrò mi pé Eddie ni kó máa fọkàn sí, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn ẹ́dítọ̀ yẹn ń fún ara wọn. 1950 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n ń fún tẹlifíṣàn náà, ẹni tí wọ́n bá sì gbà wọlé á máa kọ ACE sẹ́yìn orúkọ ẹ̀ bí ẹni jẹ oyè. Ní 2015 yẹn, Boyhood tí Sandra Adair ẹ́díìtì ni wọ́n fún láàárín àwọn fíìmù tí kì í ṣe ẹlẹ́fẹ̀, fíìmù tí wọ́n fi ọdún 12 yà. Ẹni tó mọṣẹ́ ló ń yin ẹni tó mọṣẹ́ níbẹ̀.

Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, èmi kì í gé fíìmù fún ẹ́dítọ̀ wò." Ó ní ìyá àgbà tó ń wò ó nílé, tó sunkún níbi tóun fẹ́ kó ti sunkún, ìyẹn ló ti dájọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí aránṣọ dìbò, kí olórin dìbò. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ kóun gun orí ìtàgé níṣojú ìyá yẹn. Mi ò rí èsì fún un. Títí di òní, mo ṣì gbà pé Eddie lẹ̀bùn tó mọ nǹkan tó ń sọ, àmọ́ ẹ sọ fún mi, ta ló jókòó lóru wo Eddie nínú wa?

Nílé níbí, AMAA àti AMVCA ní ẹ̀ka tiwọn fún ẹ́dítọ̀, wọ́n ṣeun. Àmọ́ àwọn ètò kéékèèké pọ̀ tí ò ní in. Lọ́dún tó ṣáájú òru yẹn, fíìmù kan tí àbúrò mi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gé gba àmì ẹ̀yẹ ní gbọ̀ngàn kan l'Ékòó. Wọn ò pè é. Orí Instagram ló ti rí i. Ẹni tó gbé eré náà jáde dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ó dárúkọ àwọn òṣèré lọ́kọ̀ọ̀kan títí dórí ẹni tó se oúnjẹ fún wọn níbi tí wọ́n ti ń yà á. Ó wá ní àwọn tóun ò dárúkọ, kí wọ́n má bínú, àsìkò ò sí.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ni epo tán nínú jẹnẹrétọ̀. A ti rí Walker nígbà yẹn, wọ́n fi í hàn díẹ̀, ó gbé ère náà dání, wọ́n kọjá lọ. Mo sùn sórí àga. Fóònù ẹ̀ ló jí mi nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹni tó gbé eré ọjọ́sí jáde ló ń pè é. Apá kejì ti wà nílẹ̀, ó ní kó bá òun yọ ìṣẹ́jú 20 kúrò níbẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mo gbọ́ tó ń sọ pé kò burú mà, ó ti ń wá gálọ́ọ̀nù tó máa fi lọ ra epo.