Àmì tí Kò Nílò Ògbufọ̀

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé ní Zaria àti agbègbè rẹ̀, ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ lónìí.

Ìyá oníbúrẹ́dì kan ní Sábóńgàrí sanwó fún ọmọkùnrin kan pé kó ya àmì ìdánimọ̀ fún iṣẹ́ òun, èyí tí wọ́n ń pè ní lógò. Ọmọ náà ya ilé, ó ya àdàbà, ó ya àgbáyé, ó lo àwọ̀ mẹ́fà, ó sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá yí gbogbo rẹ̀ ká. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá búrẹ́dì, ó dàrú mọ́ra. Àwọn oníbàárà, tí Hausa pọ̀ jù nínú wọn, kò mọ ohun tó jẹ́. Owó ọ̀rá wọgbó, ọ̀rọ̀ di ìjà, wọ́n sì gbé e wá síwájú mi.

Mo bi ọmọ náà pé, "Kí lo bi Màmá kí o tó bẹ̀rẹ̀?" Ó ní, "Bàbá, orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn nìkan ni."

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Ta ni kò mọ kìnnìún tó wà níwájú ọkọ̀ Peugeot, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna wa níbí ní 1975? Kìnnìún yẹn ti wà kí ọkọ̀ tó dé. Ayùn ni ìdílé Peugeot ń ṣe ní ilẹ̀ Faransé nígbà náà. Ní 1847, wọ́n ní kí alágbẹ̀dẹ wúrà kan ya àmì fún ayùn wọn. Eyín ayùn náà le bí eyín kìnnìún, irin rẹ̀ ń tẹ̀ láì kán bí ẹ̀yìn kìnnìún, ó sì ń yára gé igi bí kìnnìún ṣe ń fò mọ́ ẹran. Ní 1858, wọ́n forúkọ àmì náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹranko kan ṣoṣo ló ru gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, inú iṣẹ́ wọn ló sì ti wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ kọ́kọ́ béèrè: kí ni oníbàárà fi ń yin ọjà yìí? Ta ló ń rà á? Ohun kan ni kí ẹ mú. Ẹ fi dúdú nìkan yà á ná, kí ẹ sì dín in kù títí yóò fi tó èékánná. Bí ojú bá ṣì mọ̀ ọ́n, ó dára. Ẹ ṣọ́ra fún ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn aládùúgbò wa. Ẹ má jí àmì ẹlòmíràn lò. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ forúkọ tiyín sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìdájọ́ mi ni pé kí ọmọ náà tún un yà lọ́fẹ̀ẹ́, kí Màmá sì jókòó dá a lóhùn. Màmá ní gbígbóná tí búrẹ́dì òun ń gbóná láàárọ̀ kùtù ni àwọn èèyàn fi ń yìn ín. Ọmọ náà ya búrẹ́dì kan, ó fa ìlà mẹ́ta bí èéfín sókè rẹ̀. A fi han mẹ́káníìkì Hausa kan tó ń kọjá lọ, a ò sọ nǹkan kan fún un.

Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Burodi mai zafi." Búrẹ́dì gbígbóná ló wí.